Ohun Tí A Sọ fún Veronica

Ọ̀wọ̀,
19 Oṣù Kìíní, 1998.

Tinúọlá,

Bàbá rẹ ló ń kí ọ. Ọyẹ́ ti bo gbogbo Ọ̀wọ̀, ètè wa ti là, ekuru sì ti wọ inú rédíò mi débi pé bí ẹni tó ń húkọ́ ni ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn ń dún. Ara mi le, bí a bá yọ eékún kúrò. Àbẹ̀ẹ́bí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ní kí n kí ọ. Ìkíni parí síbẹ̀, nítorí pé inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ fi ìkíni bò ó.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní o kò ní lè wá sí ìrántí ọdún kan ìyá rẹ nínú oṣù kẹta, nítorí pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n yọ̀ǹda awò ńlá kan fún yín lórí òkè ní Hawaii, kí ẹ fi wo ìràwọ̀. Tinúọlá, ṣé ìràwọ̀ náà ń sá lọ ni? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń rí ìràwọ̀ lókè Ọ̀wọ̀ yìí, n kò tíì rí èyí tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni kì í pé ọdún kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Veronica kú, o kò wá. O ní páásípọ́ọ̀tù rẹ wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, wọn kò tíì dá a padà. A gbà. Mo bu yẹ̀pẹ̀ tèmi sí i, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bu tìrẹ. Gbogbo ènìyàn ló rí mi.

O mọ àṣà agbo ilé wa ní Ìmẹ̀rí. Bí òkú bá pé ọdún, ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dúró létí ibojì lójú gbogbo ènìyàn, á sì sọ ohun tí òun fi ọdún náà ṣe. Òkú kò gbọdọ̀ wọ ọdún kejì láìgbọ́ nípa ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí kò bá sí nílé, àgbà kan á gbẹnu sọ fún un. Ìwọ nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ bí. Bí ìwọ kò bá wá, èmi ni n óò dúró síbẹ̀. Kí ni kí n wí? Jímọ̀ tí a jọ ṣe iṣẹ́ wolé-wolé títí a fi fẹ̀yìn tì ti ń fi mí ṣẹ̀sín báyìí. Bí ó bá ti rí mi níwájú sọ́ọ̀bù, á ní, “Isaiah, ọmọ rẹ kò tíì ka ìràwọ̀ tán?”

Kọ ohun tí n óò sọ ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Má kọ “mo wà dáadáa.” Òkú kò ní fi “mo wà dáadáa” ṣe nǹkan kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Isaiah Fẹ́yìsetán.


Edinburgh,
10 Oṣù Kejì, 1998.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eékún, ẹ kú àìsí Mọ́mì nílé. Ọmọ yín ń kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òjò tútù ti ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ bá mi kí Màmá Àbẹ̀ẹ́bí.

Ẹ bi mí bóyá ìràwọ̀ náà ń sá lọ. Ó ń sá lọ, Bàbá. Kì í ṣe pé ó kúrò ní ipò rẹ̀, ayé wa ló ń yí oòrùn ká. Nígbà tí ó bá fi máa di oṣù karùn-ún, ẹ̀gbẹ́ oòrùn ni a ó ti máa rí ìràwọ̀ yìí, ojúmọmọ ni yóò máa wà lókè, awò kankan kò sì ní lè wò ó fún ìgbà pípẹ́. N kò yan oṣù kẹta láti fi ṣẹ̀ yín. Ẹ má sì tún kọ ọ́ sí mi mọ́ pé n kò wá sin Mọ́mì. Mo mọ̀ pé n kò wá. Kò sí àárọ̀ tí mo jí tí n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ẹ má baà rò pé ìràwọ̀ ni mò ń kà. Ìràwọ̀ kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Nǹkan kan ń yí i ká, ayé ńlá kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gáàsì, tó tóbi ju ayé tiwa lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Plánẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é. Nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ó ṣì gbóná láti inú wá, bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú afẹ́fẹ́ tó bò ó. A kò lè rí i lọ́tọ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ rí tanná-tanná tó ń fò níwájú iná mọ́tò.

Nítorí náà, a máa ń gba ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí òṣùmàrè. Òṣùmàrè yìí, a fà á gùn débi pé a ń rí àwọn ìlà tín-ín-rín nínú rẹ̀. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, bí ilà ojú ṣe ń sọ ìlú ẹni. Àwọn ìlà ti ìràwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ti plánẹ́ẹ̀tì kì í dúró, nítorí pé eré ló ń sá. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ìlà rẹ̀ á sún síhìn-ín. Bí ó bá ń padà lọ, wọ́n á sún sọ́hùn-ún. Ìlà tó ń sún ni à ń wá.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, mo rí àwọn ìlà kan. Ìlà omi tó ti di ooru ni. Wọn kò hàn ketekete, ṣùgbọ́n wọ́n ń sún bí ó ṣe yẹ kí wọ́n sún. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé mo ti rí omi nínú afẹ́fẹ́ ayé mìíràn.

Bàbá, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: bí ó bá jẹ́ òótọ́. Afẹ́fẹ́ ayé tiwa náà ní omi nínú, inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gbà kí ó tó wọ inú awò. A ti yọ èyí tó jẹ́ tiwa kúrò, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí bí a ṣe yọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ ní oṣù kẹta. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Màmá Àbẹ̀ẹ́bí. Bí ẹ bá dé etí ibojì, ẹ sọ fún Mọ́mì pé ọmọ rẹ̀ ń wá nǹkan. Òótọ́ ni, ó sì tó.

Ọmọ yín,
Tinúọlá.


Ọ̀wọ̀,
30 Oṣù Kẹta, 1998.

Tinúọlá ọmọ Veronica,

O kú iṣẹ́, o kú òkè gíga. A ti ṣe ìrántí náà, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Kò sí epo ọkọ̀ nílùú, a fún mọ́ra nínú ọkọ̀ kan láti Ọ̀wọ̀ dé Ìmẹ̀rí bí igi ìdáná tí a dì. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ létí ibojì. Sylvanus bíríkìlà ti ṣe ibojì náà dáadáa, ó dán, ó sì kọ orúkọ ìyá rẹ sí i gàdàgbà.

Ó kan èmi láti gbẹnu sọ fún ọ. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ bí o ṣe ní kí n sọ ọ́. Mo ní, “Veronica, ọmọ rẹ ń wá nǹkan.”

Àbẹ̀ẹ́bí ní, “Kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Jímọ̀ wá ní, “Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀, bóyá ọ̀nà ilé ló ń wá.”

Tinúọlá, o ò sí níbẹ̀. O ò rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín níwájú ìyá rẹ. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń sọ pé àwọn kọ́lé, àwọn bímọ, àwọn di ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, tèmi wá ń wá nǹkan! Ara mi kò gbà á. Mo gbóhùn sókè, mo ní, “Ó ti rí i! Ọmọ Veronica rí omi lójú ọ̀run! Ayé kan wà lókè tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ọmọ yìí ló rí omi níbẹ̀!”

Ẹ̀rín dá bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Àbẹ̀ẹ́bí ké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ìyá tó ti ń fi ọ̀pá rìn. Àlùfáà wa gbà á lẹ́nu mi, ó fi wàásù lọ́jọ́ Àìkú, ó ní Ẹni tó dá omi sílẹ̀ náà ló dá a sókè. Jímọ̀ nìkan ló ní kí o fa páìpù rẹ̀ wá sí Ìmẹ̀rí, nítorí pé ẹ̀rọ omi ìjọba ti kú. Jẹ́ kí ó máa wí.

Mo ní kí Sylvanus fi ìlà kan kún ti ibojì, sábẹ́ orúkọ rẹ̀: ÌYÁ ẸNI TÓ RÍ OMI LÓJÚ Ọ̀RUN. Símẹ́ńtì rẹ̀ ti gbẹ. Mo mọ̀ pé o ní kí n má sọ ọ́. Bí o bá wá ni, ìwọ ni ò bá dúró níbẹ̀, kí o sì sọ èyí tó wù ọ́.

Bàbá rẹ,
Isaiah.


Edinburgh,
24 Oṣù Kẹrin, 1998.

Bàbá,

Mo kí yín. N kò lè kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Mo ní kí ẹ má sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo ní kí ẹ tún gbólóhùn náà kà. Ẹ kà á, ẹ sì jù ú nù nítorí pé Jímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ wá fi símẹ́ńtì kọ ọ́ sí orí Mọ́mì mi.

Kò sí omi kankan, Bàbá.

Ẹ jókòó, kí n sọ bí a ṣe mọ̀. Nígbà tí a dé orí òkè ní oṣù kẹta, mo ní kí a fi díẹ̀ nínú àkókò wa wo ìràwọ̀ mìíràn, èyí tí ó dà bí ti àkọ́kọ́ nínú ohun gbogbo, àfi pé kò sí plánẹ́ẹ̀tì kankan tí a mọ̀ lára rẹ̀. Ìràwọ̀ òfìfo ni èmi ń pè é. Bí àwọn ìlà tí mo rí bá jẹ́ ti plánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, a kò gbọdọ̀ rí wọn lára òfìfo. Ọ̀gá mi kò fẹ́. Ó ní àkókò awò náà ṣọ̀wọ́n, ó ní kí a má fi wo ibi tí kò sí nǹkan. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ojú àwọn tó ń bá wa tọ́jú awò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n. Mo ní bí a kò bá wò ó, kí wọ́n má fi orúkọ mi sí ìwé tí a fẹ́ gbé jáde. A wò ó.

Ìlà omi wà níbẹ̀. Ìlà kan náà, wọ́n sì ń sún bákan náà. Omi inú afẹ́fẹ́ tiwa níbí ni. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ lórí òkè yẹn ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, tí ọ̀rinrin rẹ̀ ń yí padà, ọ̀nà tí a fi ń yọ ọ́ kúrò kò sì yọ gbogbo rẹ̀. Ìyókù rẹ̀ ló ń sún lójú wa bí ẹni pé ohun mìíràn ni. Ilé ayé yìí ni mò ń wò láti oṣù kẹwàá, tí mo rò pé ayé ẹlòmíràn ni.

A ti fa ìwé náà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà, n óò dúró níwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, n óò sì sọ fún wọn. Ọ̀gá mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ oyè mi yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ padà sí Ìmẹ̀rí, ẹ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ níwájú àwọn tí ẹ sọ ọ́ fún. Ẹ jẹ́ kí Sylvanus ha ìlà yẹn kúrò lórí ibojì. N kò fẹ́ kí ìyá mi dùbúlẹ̀ sábẹ́ irọ́.

Tinúọlá.


Ọ̀wọ̀,
20 Oṣù Karùn-ún, 1998.

Tinúọlá,

Ìkíni kò sí.

Ta ló rán ọ lọ sí ìràwọ̀ òfìfo? Ọ̀gá rẹ tó ju gbogbo yín lọ ní kí o má wò ó. O bá a jà. O fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ wá ẹ̀rí tí yóò já ọ kulẹ̀, o rí i, o wá gbé e ránṣẹ́ sí mi ní Ọ̀wọ̀ kí ó lè já èmi náà kulẹ̀. Irú ọlọ́gbọ́n wo nìyẹn?

Ó sì rọrùn fún ọ láti wí pé “ẹ kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ.” Àbẹ̀ẹ́bí ti sọ ọ́ ká gbogbo ọjà Ùsò. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń dá mi dúró lójú títì, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Olómi Ọ̀run. Àlùfáà ti fi wàásù. Ta ni nínú gbogbo wọn ló ní awò? Ta ni yóò gun òkè Hawaii lọ wò ó bóyá omi wà níbẹ̀ tàbí kò sí? Ọ̀rọ̀ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó mú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó ti ń sunkún fún ọdún kan sinmi. Ó mú àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín panu mọ́. Bí o bá ti dákẹ́, ó tán.

O tún pè mí ní òpùrọ́. “Sábẹ́ irọ́” lo kọ. Kí ọmọ kọ irú rẹ̀ sí bàbá, kí ó sì fi sítáǹpù lẹ̀ ẹ́! Bí ìyá rẹ bá wà láàyè, ìwọ kò tó bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n rán ọ létí àṣà náà, nítorí ó jọ pé òjò ibẹ̀ ti fọ̀ ọ́ kúrò lórí rẹ. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún òkú nípa ọmọ, ọmọ náà nìkan ló lè kó o jẹ. Á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró létí ibojì, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti gbẹnu sọ fún ọ, n kò lè gbẹnu kó o jẹ. Nítorí náà, wá sílé, kí o wá dójú ti ara rẹ fúnra rẹ. Bí o kò bá lè wá, pa ẹnu rẹ mọ́. Má ṣe rán mi ní iṣẹ́ yìí mọ́.

Isaiah Fẹ́yìsetán.


Edinburgh,
15 Oṣù Kẹfà, 1998.

Bàbá,

Ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀yin kò kí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti máa kí ènìyàn.

N kò lè wá. Páásípọ́ọ̀tù mi tún ti wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé iṣẹ́ oyè mi yóò gùn ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìgbélùú mi tẹ́lẹ̀. Bí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé.

Ẹ bi mí ta ló ní awò ní Ìmẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ lọ sí ilé Màmá Àbẹ̀ẹ́bí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wolé-wolé lọ́rùn yín, ẹ ní kànga wọn kò dára, ẹ sì tì í pa. Omi náà mọ́ lójú. Gbogbo àdúgbò ló ń mu ún. Màmá Àbẹ̀ẹ́bí bọ́ sí ìta, wọ́n ń ké pé Isaiah ti fẹ́ àbúrò àwọn tán, ó wá kù kí ó fi òùngbẹ pa àwọn. Mọ́mì kò bá yín sọ̀rọ̀, kò sì gbé oúnjẹ síwájú yín. Mo rántí ohun tí ẹ sọ fún un. Ẹ ní, “Veronica, kòkòrò wà nínú rẹ̀, ojú lásán ni kò lè rí i.”

Ta ló ní awò nígbà náà, Bàbá? Ta ni nínú wọn ni ì bá wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀ tàbí kò sí? Ẹ ì bá ti dákẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá yín kò sí níbẹ̀. Inú gbogbo ilé ìyàwó yín ì bá dùn.

Wọn kò mu omi kànga yẹn mọ́. Àwa ọmọdé sì wà láàyè.

Mo ti dúró níwájú ìpàdé náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tí mo ń ka ìwé wọn láti ìgbà tí mo wà ní Pólì ló jókòó síwájú. Mo fi ìlà omi ti ìràwọ̀ wa hàn wọ́n, mo fi ti òfìfo hàn wọ́n, mo ní, “Mo ṣìnà.” Ẹnìkan bi mí níwájú gbogbo èrò pé kí ló wá kù nínú iṣẹ́ mi. Mo kó àwọn ìwé mi, mo padà sí ìjókòó mi.

Mo ti ṣe tèmi. Ẹ lọ ṣe tiyín.

Tinúọlá.


Edinburgh,
5 Oṣù Kẹjọ, 1998.

Bàbá,

Ẹ kò fèsì. Mo pe ilé tẹlifóònù tó wà nítòsí yín, ọmọbìnrin tó gbé e ní òun ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì ní ẹ kò sí nílé. Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó rántí pé kò yẹ kí òun sọ fún mi pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n kà á. Inú ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ wà láàyè.

Tinúọlá.


Ọ̀wọ̀,
7 Oṣù Kẹsàn-án, 1998.

Tinúọlá,

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì. Mo wà láàyè. N kò fèsì nítorí pé gbogbo ìgbà tí mo bá mú báírò, èébú ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, mo sì ń fa ìwé náà ya.

O mú kànga Àbẹ̀ẹ́bí bá mi jà. Kò yẹ kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkùnrin fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe kọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń ṣà ní òkúta sọ lù ú. Mo wá èsì rẹ̀ títí, n kò rí i. Mo tilẹ̀ gbé lẹ́tà náà lọ bá Jímọ̀ pé kí ó bá mi wá ohun tí n óò fi dá ọ lóhùn. Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Isaiah, ọmọ yìí ti tì ọ́ pa bíi kànga.”

Mo ní, “Jáde kúrò níwájú mi!”

Ó ní, “Ilé mi la wà.”

Mo lọ sí Ìmẹ̀rí lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n jẹ iṣu tuntun, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ yóò pé síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi kálọ sí ibojì. Wọ́n rò pé o tún ti rí nǹkan mìíràn ni, wọ́n fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n tẹ̀ lé mi. Àbẹ̀ẹ́bí ló ṣíwájú.

Mo ní, “Veronica, ohun tí mo sọ fún ọ ní oṣù kẹta, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ kò rí omi lójú ọ̀run. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.”

Ariwo ta. Ẹnìkan nínú àwọn àgbà agbo ilé ní bàbá kò lè kó ọ̀rọ̀ ọmọ, pé kí n jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ wá. Mo ní, “Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọmọ kò rán mi ní iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ tó rán mi ni pé òun ń wá nǹkan, ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín, èmi ni mo wá fi tèmi kún un. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń kó o.” Kò sí ẹni tó rí ibi tí yóò gbà yí i.

Àbẹ̀ẹ́bí ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó nàka sí mi lójú, ó ní, “Isaiah, o ti omi mi pa nígbà kan, mo gbójú fò ó. O wá sọ mí di òpùrọ́ ní gbogbo ọjà Ùsò. Kí ni mo ṣe fún ọ?” Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, pẹ̀lú eékún yìí. Ẹni méjì ló fà mí dìde.

Sylvanus mú òòlù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìlà náà kúrò, ó sì ń bú mi bí ó ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ó ní, “Bàbá Tinú, ẹ mọ̀ pé símẹ́ńtì tí mo bá pò kì í ṣí bọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ máa rò ó dáadáa kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún mi.” Ojú ibẹ̀ kò dán mọ́. Ó rí págunpàgun, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á bi wá pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ó sì ní láti sọ fún un.

Mo rò pé ó ti parí. Àfi bí Àbẹ̀ẹ́bí ṣe tún dúró tì mí. Ó ní, “Ó dáa, o ti kó èyí. Kí wá ni ọmọ náà fi ọdún kan ṣe? Ṣé ọwọ́ òfo ni àbúrò mi yóò fi wọ ọdún kejì ni?”

N kò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Mo ní, “Ó wo ìràwọ̀ kan tí kò ní nǹkan lára. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó má wò ó, ó wò ó. Ó wá dúró níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ohun tí òun rò pé òun rí, òun kò rí i.”

Àbẹ̀ẹ́bí ní, “Ṣé ìyẹn náà là ń pè ní iṣẹ́?”

Mo ní, “Iṣẹ́ ni. Ó le ju rírí lọ.”

N kò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó jó. Àbẹ̀ẹ́bí wo ibojì náà, ó ní, “Veronica, o gbọ́ o,” ó sì yí padà lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀. A jẹ iyán, a túká. Wọn kò pè mí ní Bàbá Olómi Ọ̀run mọ́, ohun tí wọ́n ń pè mí báyìí burú jù ú lọ, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Má ṣe rò pé inú mi ti rọ̀. Ó ń bí mi pé o kò sí níbẹ̀ ní oṣù kẹta. Ó ń bí mi pé òótọ́ lo sọ, pé láti òkèèrè lo ti sọ ọ́, tí mo sì dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo èrò nítorí rẹ̀. Má kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí mi, n kò ní kà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá páásípọ́ọ̀tù rẹ padà, wọ ọkọ̀ òfúrufú kí o máa bọ̀, kí n lè bínú sí ọ lójúkojú.

Bàbá rẹ,
Isaiah Fẹ́yìsetán.